Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Owó Ọwọ́ Nìkan Gbé Ilé ní Iléṣà

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè fi owó ọwọ́ nìkan gbé ayé, àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Lọ́hùn-ún, káàdì tí báǹkì fi ń yá èèyàn lówó ló ń kó wọn sí wàhálà: wọ́n á ti ná owó tí wọn ò tíì rí, èlé á sì máa gun orí èlé. Ní Iléṣà, ẹni tó ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Káàdì ATM tó wà nínú pọ́ọ̀sì wa, owó tiwa ló ń fà jáde. Ṣọ̀wédowó náà, àwọn iléeṣẹ́ àti kọngílá ló kù tó ń kọ ọ́. Ohun tó ń ṣe wá ní ohun tí káàdì yẹn ń ṣe wọ́n ni àwìn ọjà àti lóònù orí fóònù. Ẹni tó bá ní owó ọwọ́ nìkan lòun fẹ́ máa ná, tó sì tún ń gba ìrẹsì láwìn lọ́dọ̀ ìyá tó wà lójúde, kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú kí n tó máa tò ó: ilé la ti ń ná owó ọwọ́, kì í ṣe ọjà. Alẹ́ ọjọ́ tí owó wọlé ni iṣẹ́ wà. Tí ẹ bá ti pín in bó ṣe yẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tí ẹ ti yọ̀ǹda fún ọjà nìkan ni ọjà á rí gbà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ gba owó jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

Tíṣà, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ kánsù tí owó oṣù rẹ̀ ń gba báǹkì wọlé ò lè sá fún báǹkì, kò sì sídìí tó fi yẹ kó sá. Kí báǹkì jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé, kó má ti jẹ́ ibi tí ẹ ti ń ná an. Ẹ mú ọjọ́ kan lóṣù, kí ẹ lọ gba iye tí ẹ máa lò, ó parí.

Ẹ̀rọ ATM báǹkì tiyín gan-an ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ wọlé lọ bá akáwó lórí káńtà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2025, Báǹkì Àpapọ̀ ti fọwọ́ sí i pé ẹni tó bá lo ẹ̀rọ báǹkì míì á san 100 náírà lórí 20,000 tó bá gbà. Tí ẹ̀rọ náà bá wà níta, bíi ní ilé epo, wọ́n tún lè fi iye tó tó 500 lé e. Àwọn oní-POS náà ní iye tí wọ́n ń gbà, ó sì yàtọ̀ láti ìsọ̀ sí ìsọ̀. Ẹni tó ń gba 5,000 lónìí, tó tún padà lọ gba 5,000 lọ́túnla, owó ata ọ̀sẹ̀ kan ló ń fi síbẹ̀ kóṣù tó parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó kòkó tàbí owó igi, ẹ rántí pé 500,000 náírà ni ẹnì kan lè gbà jáde lọ́sẹ̀ kan láìsí ìyọkúrò. Ohun tó bá lé, wọ́n á yọ 3 nínú ọgọ́rùn-ún lára rẹ̀. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta.

Tó bá jẹ́ orí káńtà ni, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìbéèrè owó kéékèèké. Ìdì kan ọgọ́rùn-ún náírà, ẹyọ ọgọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀, 10,000 sì ni. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìdì kan, àti ti igba náírà tó bá wà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀bẹ̀ á hàn láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pín in lálẹ́ ọjọ́ náà

Ẹ wá àpòòwé mélòó kan, bíírò kan àti ìwé kékeré. Ká fi owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi sófin ní 2024 ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn 70,000 náírà. Oúnjẹ, 32,000. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà, 9,000. Owó ilé àti iná, 8,000. Iléèwé ọmọ, 8,000. Àjọ, 6,000. Ẹbí, ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí, àti òde, 5,000. Ti àìròtẹ́lẹ̀, 2,000. Mo mọ̀ pé ó há. Iye tiyín á yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá yín pín in bí ẹ̀yin fúnra yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé gbogbo owó náà ti ní orúkọ kó tó sùn. Kò sí ẹyọ kan tó ń ṣeré kiri.

Ẹ kọ orúkọ àti iye síwájú àpòòwé kọ̀ọ̀kan. Ìgbàkígbà tí ẹ bá mú nínú rẹ̀, ẹ fa ìlà sí iye àtijọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ àti èyí tó kù sẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni agbára owó ọwọ́ wà, torí ẹ ò ní lè mú 3,000 láìfojú rí ohun tó ṣẹ́kù.

Ti oúnjẹ, ẹ tún un fọ́ sí mẹ́rin, 8,000 fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ méjì mẹ́ta tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin, gàrí àti ẹ̀wà tó wà nílé ni kó gbé e. Ti owó ilé, ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ onílé ń gbà á níbí. Tí ẹ ò bá yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, ọjọ́ tí onílé bá kanlẹ̀kùn ni ẹ máa sáré lọ yáwó, gbogbo ètò á sì dà rú. Tó bá di dandan kí ẹ mú nínú owó ọkọ̀ fi ra ata, ẹ mú un, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sára àpòòwé méjèèjì.

Ẹni tó ń tajà, tó ń ránṣọ tàbí tó ń gun ọ̀kadà, owó tirẹ̀ kì í dé lẹ́ẹ̀kan. Kó kọ́kọ́ ya ojú owó kúrò lára èrè lálaalẹ́, kí àpò méjèèjì má fojú kan ara wọn. Èrè nìkan ni kó máa pín, ọjọ́ Sátidé ló sì rọrùn jù láti pín in. Ìyàwó ilé tó bá ń mú ìyẹ̀fun nínú ọjà ara rẹ̀ fi ṣe oúnjẹ alẹ́, kó san owó rẹ̀ látinú àpòòwé oúnjẹ bí oníbàárà míì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ má jáde láìní ṣéńjì

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù láìmọ̀.

Ẹ lọ sí Ọjà Atákúnmọ́sà láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún náírà kan ṣoṣo, kí ẹ ní ata 300 náírà lẹ fẹ́ rà. Ìyá aláta ò tíì tà. Á wo owó yẹn, á wo abọ́ tó ń da owó sí, á ní, “Ẹ ò ní ṣéńjì ni?” Tí ẹ bá ní ẹ ò ní, ọ̀kan nínú mẹ́ta á ṣẹlẹ̀. Ó lè ní kí ẹ mú tòmátì àti àlùbọ́sà kún un kó lè súnmọ́ ẹgbẹ̀rún. Ó lè ní kí ẹ padà wá gba 700 yín lọ́sàn-án. Ó sì lè gbé ata rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bá mú tòmátì ti ná owó tí kò pète. Ẹni tó bá ní òun á padà wá, ìgbà tó bá ti kúrò lọ́jà ni ọ̀rọ̀ náà á tó sọ sí i lọ́kàn.

Nínú kẹ̀kẹ́ náà ńkọ́? Ìyá kan àti ọmọ iléèwé kan bọ́ọ́lẹ̀, dírẹ́bà ò ní ṣéńjì, ló bá so àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ 500 kan, ó ní kí wọ́n lọ wá bí wọ́n á ṣe pín in. Ọmọ yẹn ń lọ síléèwé, ìyá ń lọ sọ́jà, kò sí ẹni tó dúró. Ọ̀kan nínú wọn á fi owó rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, lálẹ́, ẹ ka owó ọkọ̀ ọ̀la sọ́tọ̀ ní iye tó bá a mu gẹ́lẹ́, kí ẹ fi sápò iwájú. Owó ọjà, ẹ rí i pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ igba àti ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ̀rún kì í ṣe owó tá a fi ń ra ata. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì, òróró tàbí ẹran ni kí ẹ ti fọ́ ọ, torí àwọn yẹn máa ń ní ṣéńjì. Ìwọ̀n tí ẹ máa ná lọ́jọ́ náà nìkan ni kó bá yín lọ, kí ìyókù wà nílé. Ilé ni kí ẹ sì ti kà á. Ẹni tó bá ń tú ìdí ìró láàárín ọjà láti wá owó, gbogbo ojú ló ti bá a kà á.

Owó tó ti ya, tí wọ́n fi sẹ́lotéèpù lẹ̀, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Èyí tó bá ti bá yín délé, ẹ kó o jọ lọ sí báǹkì lọ́jọ́ tí ẹ máa lọ gba owó oṣù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pa àwìn

Ìjẹ̀ṣà mọ̀ nípa àwìn ju ẹni tó máa kọ́ wa lọ. Àwọn òṣómàáló, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láyé ìjọba òyìnbó, ń gbé aṣọ fún oníbàárà láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá àti kọjá ibẹ̀, wọ́n á sì padà wá gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá san, wọ́n á lóṣòó síwájú ilé rẹ̀ títí owó á fi jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ó kọ́ ilé, ó rán ọmọ níwèé. Àmọ́ ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ra aṣọ. Iye tí wọ́n pe aṣọ àwìn ju ti ẹni tó sanwó lójú ẹsẹ̀ lọ. Ìrìn tí òṣómàáló máa rìn, ọjọ́ tó máa fi dúró, àti gbèsè àwọn tó máa sá lọ, gbogbo rẹ̀ ló ti wà nínú iye yẹn. Ẹni tó san ti san án fún ẹni tí kò san. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lónìí lórí ìrẹsì, aṣọ ẹbí àti fóònù.

Ẹ kọ gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn yín sínú ìwé kékeré yẹn, láti orí èyí tó kéré jù. Ẹ kọ́kọ́ san èyí tó kéré jù tán, kí ẹ lè rí ìlà kan tí ẹ fà lé lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn tí ẹ jẹ lówó, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ẹ lè sọ fún ìyá onírẹsì pé: “Ẹ kú ọjà, ìyá mi. Owó tó wà nílẹ̀ yẹn, 1,500 ni màá máa mú wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi tán. Láti òní lọ, owó lọ́wọ́ ni mo fẹ́ máa fi rà á. Tẹ́ ẹ bá rí i pé mo tún wá tọrọ àwìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lóhùn.” Ìyá náà á dúpẹ́, torí owó rẹ̀ ló ń padà bọ̀ yẹn. Ẹ sì mú 1,500 náà lọ lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí kò tiẹ̀ rọrùn.

Nígbà tí gbèsè bá tán, owó ọwọ́ yín á wá ní agbára tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta nǹkan ńlá pé, “Èló ni ẹ máa gbà tí mo bá san án báyìí?” kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó rí owó náà.

Lóònù orí fóònù, ẹ pa áàpù rẹ̀ rẹ́. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ti ń fi dandan lé e pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù forúkọ sílẹ̀, torí ohun tí àwọn kan nínú wọn ń ṣe: wọ́n á kó nọ́ńbà gbogbo èèyàn yín lórí fóònù, ọjọ́ tí ẹ bá pẹ́ san, wọ́n á kọ̀wé ìtìjú ránṣẹ́ sí àna yín àti pásítọ̀ yín. Kò sí ìpọ́njú tó yẹ kó gbé èèyàn débẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wá ibi tí owó á máa jókòó sí

Àjọ ojoojúmọ́ ló bá ètò yìí mu jù. Ká ní 200 náírà lójúmọ́. Káàdì alájọ ní ojú 31, ojú kan jẹ́ tirẹ̀, ẹ ó sì gba 6,000 lópin oṣù. Òótọ́ ni pé ẹ ò gba èlé, ẹ tiẹ̀ tún sanwó. Ohun tí ẹ ń san 200 yẹn fún ni pé ẹnì kan ń wá sí ìsọ̀ yín lójoojúmọ́ wá gba owó tó jẹ́ pé, tí ẹ bá fi pamọ́ fúnra yín, ẹ ò bá ti ná an. Mo kà á sí owó tó yẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Alájọ tí ẹ mọ ilé rẹ̀, tí àwọn ará ọjà ti mọ̀ tipẹ́, ni kí ẹ bá da á. Bó ṣe ń fàmì sí káàdì tirẹ̀, kẹ́yin náà fàmì sí ti ọwọ́ yín lójú rẹ̀. Ẹ gbà á lóṣooṣù. Ẹ má jẹ́ kó di oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀, torí àìsàn tàbí ikú lè dé, ẹbí rẹ̀ ò sì ní mọ ohun tó jẹ yín.

Èsúsú yàtọ̀. Èèyàn mẹ́wàá, 10,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á kó 100,000. Kí ẹ tó dá a, ẹ béèrè fún oṣù tó bá owó ilé yín mu, tàbí oṣù kẹjọ kí iléèwé tó wọlé. Ẹni tó bá kó tirẹ̀ lóṣù tí kò ní nǹkan kan ṣe, yóò ná an dànù.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ní òfin tirẹ̀ ní Nàìjíríà láti 1935, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ àti ọjà ní Iléṣà ló sì ní in. Ibẹ̀ ni kí owó tó máa pẹ́ lọ. Kóló náà dára fún ọmọdé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ibi tí wọn kì í gba owó ọwọ́

Ọmọ wà ní Ìbàdàn, ó nílò 15,000 lónìí. Ẹ kó owó náà lọ bá oní-POS, kó bá yín fi ránṣẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì sórí ìwé, ẹ má kà á láti orí. Kí oní-POS tó tẹ ìkẹyìn, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ rí orúkọ tó jáde. Ẹ pe ọmọ náà, kó ní òun ti rí i, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé pélébé tó bá jáde lẹ́rọ. Tí kì í bá ṣe kíákíá, ẹ lọ sí báǹkì tí ọmọ ń lò, kí ẹ sì san án sínú àkáǹtì rẹ̀ lórí káńtà.

Owó tí ìjọba bá ní kí ẹ san lórí Remita, ìyẹn ọ̀nà ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ gba nọ́ńbà ìsanwó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RRR ní káfé, kí ẹ wá kó owó lọ san ní báǹkì. Iná oní-mítà, àwọn tó ń tà á wà nígboro. Nọ́ńbà 20 ló máa wà lórí ìwé rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ wọlé tán. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí ọkọ̀ tí owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 5 lọ, òfin 2022 ò gba kó san án lówó ọwọ́. Ó gbọ́dọ̀ gba báǹkì kọjá.

Ìgbésẹ̀ keje: Èló ló yẹ kó wà nílé?

Ẹ rántí 2023. Ní oṣù kẹwàá 2022 ni Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé 200, 500 àti 1,000 náírà máa yí àwọ̀. Tuntun jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, wọ́n sì ní àtijọ́ ò ní wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Tuntun ò kárí, àtijọ́ ò sì ṣeé ná. Àwọn èèyàn ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ oní-POS. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó ní kí wọ́n máa ná àtijọ́ lọ, ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n sì ní kò sí ọjọ́ tó máa parí. Ẹni tó kó owó ọdún kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà yẹn jìyà, ẹni tí kò sì ní kọ́bọ̀ nílé náà jìyà.

Ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣe ni pé kí owó oṣù kan wà nílé, àti owó pàjáwìrì tó lè gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn láàárín òru, nígbà tí gbogbo ìsọ̀ POS ti tì. Èyí tó bá lé, ẹ gbé e lọ sí báǹkì. Láti 2024, NDIC, àjọ ìjọba kan, ń dáàbò bo owó oníbàárà dé mílíọ̀nù 5 náírà tí báǹkì ńlá bá kógbá sílé. Ẹ má fi owó ilé síbì kan ṣoṣo. Ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ fi sínú agolo onídèérí, kí ikán àti eku má bàa rí i. Kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán nílé mọ ibi tó wà.

Ayédèrú owó, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Ojúlówó ní ibi tó ga díẹ̀ tí àtàǹpàkò á kàn. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ kí ẹ rí ojú èèyàn tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Àmì aláwọ̀ góòlù tó wà lára ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ kì í ṣí tí ẹ bá fi èékánná họ ọ́. Tí ẹ bá sì lọ sóde, ẹ fi owó náà sínú àpòòwé fún ẹni tó ń ṣe nǹkan. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 ní ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí ó kéré tán 50,000 owó ìtanràn, tàbí méjèèjì, fún ẹni tó bá ń lẹ owó mọ́ èèyàn lórí lóde tàbí tó ń jó lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Alẹ́ tó ṣáájú owó oṣù tuntun

Ẹ tú gbogbo àpòòwé sílẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù nínú wọn, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ owó tuntun. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ti àìròtẹ́lẹ̀ títí á fi tó owó oúnjẹ oṣù kan; lẹ́yìn ìyẹn, kó máa lọ sí alájẹṣẹ́kù. Àpòòwé tó bá ti gbẹ kí oṣù tó parí fún oṣù mẹ́ta léraléra, kì í ṣe pé ẹ ń náwó nínàákúnàá, iye tí ẹ fún un ni kò tó. Ẹ bù kún un, kí ẹ sì yọ ọ́ lára ti òde.